Ìyáàfin Akọ̀wé: Ìrántí Kòfowórọlá Àìná Adémọ́lá

Ẹni tí ó bá ti Èkó ń bọ̀ ní Abẹ́òkúta yóò kan Papalanto lọ́nà, níbi tí ọ̀nà ti yà sí Ìlaró. Ìlú wa kò tóbi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í dá níbẹ̀. Ní ọdún 2020, nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ ń sọ àwọn ibùdó rélùwéè tuntun ti Èkó sí Ìbàdàn lórúkọ, orúkọ Ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni wọ́n fi sọ ti Papalanto. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni kò gbọ́ bí obìnrin náà ti kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ nítorí ọ̀rọ̀ owó-orí, títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi kúrò ní Aké ní ọdún 1948, tí kò sì padà títí di ọdún 1950?

Èmi kò mú kálámù láti bu ọlá yìí kù. Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ẹni tí ó bá jà ní gbangba ni a máa ń rántí. Ẹni tí ó jókòó nídìí tábìlì, tí ó ń kọ lẹ́tà, tí ó ń to fáìlì, tí ọmọ ọlọ́mọ sì ti ipa lẹ́tà náà di ọ̀mọ̀wé, a kì í sábà pe orúkọ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan wà nínú ilé Aláké yìí gan-an. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni.

Kòfowórọlá Àìná ni orúkọ rẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ èdè kì í lè gbójú fo orúkọ. Ọmọbìnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá sáyé ni à ń pè ní Àìná. Ti Kòfowórọlá kò sì nílò ìtumọ̀. Ẹ kàn wò ó bí ọmọ tí a sọ pé kò fowó ra ọlá ti wá di akọ̀wé àwọn tí ń fi owó ìjọba rán ọmọ aláìní lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Èkó ni a ti bí i ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1913. Amòfin ni bàbá rẹ̀, Eric Moore. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìdílé Vaughan, ìtàn ìdílé yìí sì tó ohun tí à bá dúró gbọ́. Ọmọ Scipio Vaughan tí ó ti ṣe ẹrú rí ní South Carolina ni Church Vaughan. Kété lẹ́yìn ọdún 1850 ni ó fi Amẹ́ríkà sílẹ̀, ó gba Làìbéríà kọjá, ó bá àwọn ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ó wà ní Ìjàyè nígbà tí ogun kó ìlú náà ní ọdún 1862. Ó sá wá sí Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, tí àwọn ará Abẹ́òkúta lé àwọn òyìnbó àti àwọn ajíhìnrere jáde, Vaughan pàápàá sì tún di ẹrù, ó di Èkó. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a lé kúrò ní Abẹ́òkúta yìí ni ó tún padà wọ ààfin Aké ní ọdún 1939, nígbà tí Kòfowórọlá fẹ́ Adétòkunbọ̀, ọmọ Aláké. Ìtàn a máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, láìsí ẹni tí ó rán an níṣẹ́.

Kí ó tó di ìgbà náà, ó ti kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin C.M.S. ní Èkó, ó ti dé Reading, ó sì ti wọ St Hugh's College ní Oxford. Ní ọdún 1935 ó gba oyè níbẹ̀, òun sì ni obìnrin aláwọ̀dúdú kìíní láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó gba oyè ní Yunifásítì Oxford. Àwọn òyìnbó a máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ohun àrà, wọn a máa ṣe ìyanu ọgbọ́n rẹ̀, èyí kò sì dùn mọ́ ọn rárá. Nígbà tí Margery Perham ń kó ìtàn àwọn ọmọ Áfíríkà mẹ́wàá jọ sínú ìwé tí ó jáde ní ọdún 1936, Kòfowórọlá kọ ìtàn ara rẹ̀ síbẹ̀, kí àwọn òyìnbó lè mọ̀ pé ilé tí ó ní ètò ni a ti tọ́ òun. Ọmọ ọdún mélòó ni? Kò ju irú àwa yìí lọ.

Nígbà tí ó padà dé, ó kọ́ni ní Queen's College ní Èkó. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, tí í ṣe adájọ́, gbé wọn dé Warri, ó sì gbé wọn dé Ìbàdàn, níbi tí ọkọ náà ti di Adájọ́ Àgbà Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1955. Ní Ìwọ̀-Oòrùn yìí ni Kòfowórọlá ti di akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Sikọláṣípù.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a ro iṣẹ́ yìí dáadáa. Yunifásítì kan ṣoṣo ni ó wà ní gbogbo Nàìjíríà nígbà náà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948. Ti Ifẹ̀ kò ì tí ì ṣí títí di ọdún 1962. Owó kòkó ti pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ìjọba sì ń ná an sórí ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó gbin kòkó náà kò lè dá owó yunifásítì san. Bí ọmọ rẹ̀ bá yege, fọ́ọ̀mù ni yóò kọ́kọ́ kọ. Fọ́ọ̀mù náà yóò wọ ọ́fíìsì kan, a ó fi sínú fáìlì, a ó gbé e síwájú ìgbìmọ̀, a ó kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, a ó sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Nínú gbogbo ìrìn yìí, ọwọ́ akọ̀wé ni ó ń gbà kọjá. Bí akọ̀wé bá jẹ́ ọ̀lẹ, fọ́ọ̀mù ọmọ àgbẹ̀ yóò sùn sí ìsàlẹ̀ àpótí. Bí ó bá jẹ́ ojúsàájú, ọmọ ẹni tí ó mọ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí lẹ́tà. Ìlú a sì máa gbàgbé akọ̀wé nígbà tí ọmọ bá jáde ní yunifásítì, nítorí pé ìjọba ni a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ Àwọn Ẹgbẹ́ Obìnrin Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1958, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ kìíní, ó sì wà níbẹ̀ di ọdún 1964. Níbí ni òun àti Ìyá Fúnmiláyọ̀ ti yà ní ọ̀nà. Ìyá Fúnmiláyọ̀ ti dá ẹgbẹ́ àpapọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1953, ó sì fẹ́ kí obìnrin wọ ìṣèlú, kí ó du ipò; ẹgbẹ́ ti Léèdì Adémọ́lá ní tirẹ̀ kò fẹ́ fi ara kọ́ òṣèlú. Ní èrò tèmi, àwọn obìnrin ọlọ́jà pàdánù nínú ìyapa yìí, nítorí ẹgbẹ́ tí kò bá fẹ́ bínú sí ìjọba kò lè bá wọn jà nítorí owó-orí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ọ̀kan na èkejì. Ẹni tí ó lé Aláké kúrò ní Aké kọ́ ni yóò jókòó ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́ọ̀mù, ẹni tí ó sì lè kà wọ́n lè má lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin kígbe.

Ọmọ márùn-ún ni ó bí. Ó wà lára àwọn tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Èkó, ó sì kọ àwọn àlọ́ ilẹ̀ wa sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti Ìjàpá àti èèrà ọlọ́gbọ́n. Ẹni tí ó kàwé dé Oxford kò rí àlọ́ bí ohun ìtìjú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan wà láàárín wa lónìí tí wọ́n ń fi pamọ́ pé àwọn mọ̀ ọ́n!

Ọkọ rẹ̀, tí ó ti di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà láti ọdún 1958 títí di ọdún 1972, kú ní oṣù kìíní ọdún 1993. Léèdì Adémọ́lá gbé e tẹ̀ lé e fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2002 ni ó kú, ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ó pé ẹni ọdún 89.