Bẹ́lẹ̀ Tí Ń Dun Obìnrin: Ìtàn Àrùn Kan àti Ọ̀rọ̀ Tí Ó Fi Í Pamọ́

Ní ọdún 1927 ni John Sampson, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, tẹ àlàyé rẹ̀ jáde lórí endometriosis, àrùn tí ẹran-ara tí ó jọ àwọ̀ inú ilé ọmọ fi ń hù síbi tí kò yẹ nínú ikùn. Àrùn yìí a máa sọ nǹkan oṣù di oró, a máa sọ ìbálòpọ̀ di ìnira, ó sì lè dínà mọ́ oyún. Ní 1941, Joe Vincent Meigs kọ̀wé pé láàrin àwọn obìnrin ọlọ́rọ̀ tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó bímọ ni ó ti wọ́pọ̀. Irú èrò bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ títí ó fi di ohun tí àwọn oníṣègùn ń fọwọ́ sọ̀yà sọ pé àrùn náà ṣọ̀wọ́n lára aláwọ̀ dúdú. Ta ni yóò wá ohun tí ìwé ní kò sí? Ní 1976 ni Donald Chatman fi hàn pé ọ̀pọ̀ obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ní kòkòrò ni ó ń bá ilé ọmọ wọn jà, endometriosis gan-an ni ó ń ṣe wọ́n. Ìwádìí kan tí ó jáde ní Ìbàdàn ní 2015 bá àrùn náà lára 115 nínú 239 obìnrin tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ikùn wọn. Lóòótọ́, àwọn tí ara ti ń ni tẹ́lẹ̀ ni wọ́n. Síbẹ̀, iye náà kì í ṣe ti àrùn tí ó ṣọ̀wọ́n.

Ní Warri, èdè tún dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ìṣẹ̀kírì, Urhobo àti Ìjọ ni wọ́n jọ ń gbé ìlú náà. Píjìn ni ó pa wọ́n pọ̀, ó sì ti di èdè àbínibí ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí síbẹ̀. Nínú Píjìn, bẹ́lẹ̀ ni ikùn, bẹ́lẹ̀ ni ilé ọmọ, bẹ́lẹ̀ náà ni oyún. Obìnrin tí ó bá sọ fún dókítà pé “belle dey pain me” kò tíì sọ ibi tí ó ń dun òun, kò sì sọ ìgbà tí ó ń dùn ún. Yorùbá kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: inú rírun kan náà ni ti ẹni tí ó jẹ ẹ̀wà àjẹjù àti ti ẹni tí nǹkan oṣù ń dà láàmú. Kì í ṣe pé kò sí ọ̀rọ̀ fún ojú ara tàbí fún ìbálòpọ̀. Ohun tí ó ṣòro ni kí aya so wọ́n mọ́ ìrora níwájú àjèjì, pàápàá bí ìyá ọkọ bá jókòó tì í. Èyí tí ó lè sọ ni pé òun ń wá ọmọ. Àìrọ́mọbí ni ó ń gbé e dé ilé ìwòsàn. Ìrora a tẹ̀lé e wọlé láìsọ̀rọ̀.

Ọ̀nà náà sì jìn. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Benin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1973. Ó di 2010 kí ti Ìpínlẹ̀ Delta tó ṣí ní Oghara, nítòsí Warri. Nígbà náà, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń ti ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ikùn ni wọ́n kà sí ẹ̀rí tí ó dájú jù. Ìlànà àwọn oníṣègùn Yúróòpù ti 2022 kò sọ ọ́ di dandan mọ́: wọ́n lè fi oògùn bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lórí ohun tí obìnrin bá sọ. Oògùn àti iṣẹ́ abẹ ń dín ìrora kù, wọn kì í wo àrùn náà tán pátápátá. Dídá abẹ́ fún obìnrin, tí àwọn Urhobo so mọ́ ìmúra ìyàwó láyé àtijọ́, lè fa ìrora tí ó jọ ọ́, ìtọ́jú tirẹ̀ sì yàtọ̀. Nítorí náà ni ìbéèrè fi ṣe pàtàkì: ṣé ó máa ń dùn yín nígbà tí ẹ bá wà pẹ̀lú ọkọ yín, ṣé ní ẹnu ọ̀nà ni àbí nínú lọ́hùn-ún? Nọ́ọ̀sì tí ó gbọ́ Píjìn lè béèrè rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú kan, bí ó bá ti kọ́kọ́ ní kí ìyá ọkọ dúró síta.