Asọ̀rọ̀mágbèsì Ti Wá Ń Gbèsì

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2014, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Wọn ò tiẹ̀ dúró gbọ́ kíkí tí mo ń kí wọn. “Àkànní, ṣé o ti fi omi iyọ̀ wẹ̀? Omi gbígbóná ni o! Kó o sì mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Òun ni ò ní jẹ́ kí Ẹ̀bólà mú wa.” Mo ní, “Mà, ta ló sọ ọ́?” Wọ́n ní, “Wọ́n ní ni. Ó ti wà lórí fóònù gbogbo èèyàn.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ojú ń tì mí láti wí i. Èmi tí mo ń fi ìròyìn kíkọ jẹun, mo bu iyọ̀ sómi, mo fi wẹ̀. Kò pẹ́ tí ìjọba àti àwọn dókítà fi kéde pé irọ́ gbuu ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti mu omi iyọ̀ náà ní àmujù, wọ́n ti dèrò ọsibítù, ìwé ìròyìn sì gbé e pé àwọn mìíràn kú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà, àti ẹni tí a lè di aṣọ rẹ̀ mú bó bá purọ́ fún wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Abẹ́òkúta. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni àlùfáà òyìnbó kan, Henry Townsend, gbé Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn òyìnbó ní 1867, wọ́n ya bo ilé ìtẹ̀wé náà, wọ́n bà á jẹ́, ìwé ìròyìn ọ̀hún sì kú. N kò gbè sẹ́yìn ìbàjẹ́ o. Àmọ́ ẹ wo ohun kan: inú bí àwọn èèyàn, wọ́n sì mọ ilé tí wọ́n ń lọ.

Ní 1935, ìjọba òyìnbó gbé rédíò onwáyà dé Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí kékeré báyìí ni, inú ilé ni wọ́n ń gbé e sí, ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù ló sì pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Àwọn baba wa wò ó títí, wọ́n ní asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Á sọ tirẹ̀, kò ní gbọ́ tìẹ.

Èsì tí kì í gbà yìí wà lára ohun tó bí tẹlifíṣàn fún wa. Ní 1953, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group bínú jáde nílé ìgbìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ òmìnira, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó dá wọn lẹ́bi. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè kí òun fèsì. Wọ́n kọ̀. Kò gbàgbé. Nígbà tí òfin ọdún 1954 gba ẹkùn kọ̀ọ̀kan láyè, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe tiwọn, tẹlifíṣàn WNTV sì bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959. “Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà” ni wọ́n fi ń yangàn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó ti ẹ̀rọ náà kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn fèsì mọ́. Lọ́dún 1977, òfin ológun kó gbogbo tẹlifíṣàn sábẹ́ NTA. Ní 1984, Òfin Kẹrin àwọn ológun sọ Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn Guardian, sẹ́wọ̀n. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 1986, wọ́n fi bọ́ǹbù tí wọ́n dì bíi lẹ́tà pa Dele Giwa, olóòtú Newswatch, nílé rẹ̀ n'Íkẹjà. Títí di òní, ilé ẹjọ́ kankan kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú náà. Àwọn wọ̀nyí fi orúkọ wọn sábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn ni, wọ́n sì san owó rẹ̀.

Ní 1992, òfin gba àwọn aládàáni láyè láti dá rédíò àti tẹlifíṣàn sílẹ̀. Ní 2001, fóònù GSM dé. Ó tán! Asọ̀rọ̀mágbèsì bẹ̀rẹ̀ sí í gbèsì. Ní oṣù Kẹwàá 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ̀hónú hàn sí ọlọ́pàá SARS, orí fóònù la ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Lẹ́kí lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2021, Twitter pa ọ̀rọ̀ Ààrẹ Buhari ìgbà náà rẹ́; ìjọba náà ti Twitter pa, wọn ò ṣí i títí di oṣù Kìíní 2022. Ẹ ò rí i pé ìjà Macpherson kò tíì tán?

Inú mi dùn pé ẹnu wa ti là. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọ̀rọ̀ pọ̀, olówó rẹ̀ ò sí. Townsend ní ilé, Giwa ní orúkọ. “Wọ́n ní” kò ní ilé, kò lórúkọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi iyọ̀ ti pa kò sí nílé mọ́ nígbà tí òtítọ́ dé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣì ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láràárọ̀. Ìbéèrè kan náà ni mo ń bi wọ́n: “Mà, ta ló sọ ọ́?” Lọ́jọ́ kan inú bí wọn. Wọ́n ní, “Ìwọ akọ̀wé yìí, ṣebí ìwọ náà fi omi iyọ̀ wẹ̀!”

Mo wẹ̀, mà. Ìdí tí mo ṣe ń béèrè nìyẹn.