Láti Orí Àlàárì Dé Orí Hitarget: Ìtàn Aṣọ Rírà Láàárín Àwa Yorùbá Sabon Gari

Yorùbá ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí ti ná wa lówó púpọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a yẹ ìtàn rẹ̀ wò.

Aṣọ ti so wá pọ̀ mọ́ Kánò kí ọkọ̀ ojú irin tó wọ ìlú yìí ní ọdún 1911, kí Sabon Gari, èyí tí í ṣe ìlú tuntun, tó dìde. Aṣọ òkè mẹ́ta ni àwọn baba wa kà sí pàtàkì jù: sányán, ẹtù àti àlàárì. Òwú sẹ́dà pupa tí wọ́n fi ń hun àlàárì kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Láti ìhà Òkun Mẹditaréníà ni ó ti ń wá. Ràkúnmí ni ó ń gbé e la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Kánò, kí àwọn oníṣòwò tó gbé e dé ilẹ̀ Yorùbá. Alharini ni àwọn Haúsá ń pè é. Ẹni tó bá fetí sí i yóò mọ̀ pé orúkọ méjèèjì bá ara wọn tan. Olówó ló ń wọ àlàárì. Kíjìpá tí àwọn ìyá ń hun nílé ni mẹ̀kúnnù ń wọ̀, kò sì sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1960 sí 1970, léèsì gba ipò àlàárì. Ìlú Lustenau ní orílẹ̀-èdè Austria ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Owó epo rọ̀bì pọ̀ nígbà náà, kò sì sí òde tí a kì í fi léèsì lọ. Àṣejù náà wọ̀ ọ́ débi pé Wole Soyinka fi orúkọ léèsì olówó gọbọi kan pe eré rẹ̀, Opera Wonyosi, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ifẹ̀ ní ọdún 1977.

Ayé yí padà ní ọdún 1986 tí ìjọba gbé ètò SAP kalẹ̀. Ní ọdún 1985, náírà kan ṣì níye lórí ju dọ́là kan lọ. Ní ọdún 1987, ó ti di nǹkan bí náírà 4 kí a tó rí dọ́là kan. Ẹni tó ń ra léèsì tẹ́lẹ̀ bọ́ sórí àǹkárá, ọ̀pọ̀ sì kọjú sí òkìrìkà, tí àwọn ará Kánò ń pè ní gwanjo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ilẹ̀ wa kò fàyè gba kíkó aṣọ àlòkù wọlé.

Àǹkárá pàápàá ní ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Hollandais tí ilé iṣẹ́ Vlisco, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1846, ń ṣe ní Helmond, ní Nẹ́dálándì, ni ọ̀gá. Lónìí, ẹ dé Kantin Kwari kí ẹ wo ohun tí èrò ń rà: Hitarget àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilẹ̀ Ṣáínà ló kún ibẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là kan sì kọjá náírà 1,500 ní ọdún 2024, àwọn tó ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ náà ti wà lórí ìlà.

Èmi kò rí ìtìjú kankan nínú rírà ohun tí agbára ẹni ká. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó bá a lọ. Kaduna Textiles, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1957, kógbá wọlé ní ọdún 2002. United Nigerian Textiles ní Kàdúná náà ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́. Ní Bompai níhìn-ín, a mọ àwọn ọgbà tí ẹ̀rọ ti ń dún nígbà kan, tí wọ́n ti di ilé ìkẹ́rùsí. Aṣọ tó wọ́n kúrò lọ́wọ́ wa, iṣẹ́ tó yẹ kí ọmọ wa fi rí owó ra èyí tó dínwó náà sì bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ tó kù di ti inú ilé wa. Mo ti jókòó nínú ìpàdé tí a ti mú aṣọ ẹbí tí owó rẹ̀ ga. Àwọn opó méjì kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ayẹyẹ pé, a kò rí wọn. Aṣọ tó yẹ kó kó wa jọ ló lé wọn sílé. Àwọn mìíràn ń fi owó ilé ìwé ọmọ san án ní díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ fi òdiwọ̀n sí owó aṣọ ẹbí. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí a máa ra àdìrẹ Abẹ́òkúta tàbí aṣọ tí àwọn aláró Kofar Mata rẹ ní ìlú yìí, kí owó wa lè máa yí láàárín wa. Kí ẹni tí kò lè rà á wọ èyí tó ní, kí a sì fún un ní àga bíi ti gbogbo wa.

Ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn tó ṣáájú wa wọ àlàárì, wọ́n wọ kíjìpá, ilé tí wọ́n kọ́ àti ọmọ tí wọ́n tọ́ ni a fi ń rántí wọn. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí aṣọ ó ya wá.