Orúkọ Mẹ́ta fún Jíìnì Kan: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ìṣàwárí ERBB2

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ kan ṣoṣo sì lè ní orúkọ púpọ̀, nítorí pé baba, ìyá àti àwọn òbí àgbà ni wọ́n jọ ń sọ ọ́ lórúkọ, tí olúkúlùkù sì ń fi ohun tí ojú tirẹ̀ rí pè é. Báyìí gan-an ni ọ̀rọ̀ jíìnì ara ènìyàn tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ fún gẹ́gẹ́ bí ERBB2, tí àwọn dókítà ń pè ní HER2, tí àwọn kan sì kọ́kọ́ mọ̀ sí neu. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé ẹ̀rí ìtàn ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Onítàn tí ó bá di ọ̀kan ṣoṣo mú nínú wọn yóò sọ apá kan ìtàn náà nù.

2. Iṣẹ́ tí jíìnì náà ń ṣe

Orí kírómósómù kẹtàdínlógún ni ERBB2 wà. Purotéènì tí ara ń fi ìlànà rẹ̀ ṣe a máa dúró ní awọ sẹ́ẹ̀lì bí oníbodè: apá kan wà níta, apá kejì wà nínú. Apá ti inú jẹ́ ẹ́ńsáìmù. Òun ni ó ń lẹ fọ́síféètì mọ́ taírósíìnì, èyí tí í ṣe àmì fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó dàgbà, kí ó sì pín sí méjì. Oníbodè mẹ́rin ni ó wà nínú ẹbí yìí. ERBB2 yàtọ̀ ní ti pé a kò mọ ìránṣẹ́ kankan tí ń tọ òun fúnra rẹ̀ wá láti ìta. Ara àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni ó ń so mọ́ kí ó tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù lára sẹ́ẹ̀lì, a máa so mọ́ ara rẹ̀, àṣẹ ìdàgbà a sì máa wọlé láìsí ẹni tí ó rán an.

3. Ọ̀nà mẹ́ta

3.1 neu. Ní Massachusetts Institute of Technology ní Amẹ́ríkà, Robert Weinberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ DNA láti inú kókó jẹjẹrẹ eku tí wọ́n ti fi kẹ́míkà fà, wọ́n sì fi sínú sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà láìníjàánu. Wọ́n kọ ìròyìn rẹ̀ ní 1981. Ní 1984, wọ́n sọ jíìnì náà ní neu, láti ara neuroblastoma, orúkọ irú jẹjẹrẹ kan tí ń mú sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára. Ìbàjẹ́ tí ó ń ṣe ni a fi mọ̀ ọ́n.

3.2 erbB-2. Ọ̀nà kejì ti ara adìyẹ wá. Fáírọ́ọ̀sì kan tí ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ fún adìyẹ ní jíìnì kan tí a ń pè ní erbB. Ní 1984, ó hàn pé erbB yìí jọ oníbodè EGF ti ara ènìyàn. Ní 1985, Semba, Yamamoto, Toyoshima àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Japan rí jíìnì mìíràn tí ó bá a tan, tí ẹ̀dà rẹ̀ ti di púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ itọ́ ènìyàn kan. Ní ọdún kan náà, King, Kraus àti Aaronson ní Amẹ́ríkà rí irú ìpọ̀sí bẹ́ẹ̀ nínú jẹjẹrẹ ọyàn. Ìbátan ni a fi mọ̀ ọ́n níhìn-ín.

3.3 HER2. Ní ilé-iṣẹ́ Genentech ní California, Coussens, Ullrich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń wá ọmọ ìyá oníbodè EGF kan náà. Wọ́n rí i ní 1985, wọ́n sì pè é ní HER2, èyí tí ó túmọ̀ sí pé òun ni ìkejì irú oníbodè bẹ́ẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣe àkíyèsí pé ibi tí ó wà lórí kírómósómù bá ti neu mu. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni a fi mọ̀ ọ́n.

4. Ìpàdé ọ̀nà

Lọ́pọ̀ ìgbà, 1987 ni àwọn tí ń sọ ìtàn oògùn rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún náà, Dennis Slamon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ jẹjẹrẹ ọyàn 189 wò. Nínú ìdá 30 nínú 100 wọn, ẹ̀dà jíìnì náà ti di ìlọ́po 2 títí dé ohun tí ó ju ìlọ́po 20 lọ. Àwọn aláìsàn wọ̀nyí ni àrùn náà tètè ń padà sí lára, tí ẹ̀mí wọn kì í sì í gùn. Ṣùgbọ́n HER-2/neu ni wọ́n kọ sí àkọlé iṣẹ́ wọn. Ilà kékeré àárín orúkọ méjèèjì jẹ́rìí pé ogún ilé méjì ni wọ́n ń ná.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ oògùn rí. Ní 1985, Drebin àti Greene, pẹ̀lú Weinberg, ti fi hàn pé èròjà kan, irú èyí tí ara fi ń bá àjèjì jà, lè lẹ̀ mọ́ oníbodè neu, kí ó sì dá sẹ́ẹ̀lì tí ó ti ya ìyàkuyà padà sí ipò. Lẹ́yìn èyí ni Genentech ṣe irú rẹ̀ fún HER2, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 1992 kí ó lè bá ara ènìyàn mu. Òun ni trastuzumab, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1998 fún jẹjẹrẹ ọyàn tí ó ti ràn dé ibòmíràn, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi kún àwọn oògùn kòṣeémánìí ní 2015.

5. Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá ní HER2 nìkan ni orúkọ jíìnì yìí, a ó rò pé inú ilé-iṣẹ́ oògùn kan ni gbogbo ìmọ̀ náà ti sú yọ. Àyẹ̀wò wa fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀: eku ni ó kọ́ni pé jíìnì náà lè ṣe ibi, adìyẹ ni ó kọ́ni mọ ẹbí rẹ̀, ìwádìí lórí oníbodè ni ó sì kọ́ni mọ ibi tí a ti lè dè é mọ́lẹ̀. Orúkọ tí ó borí lẹ́nu aráyé sọ fún wa ẹni tí ó gbé oògùn dé ọjà. Àwọn orúkọ tí ó kù ni wọ́n ń sọ bí oògùn náà ṣe di ohun tí ó ṣeé ronú kàn. Ojúṣe onítàn ni láti jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa sọ̀rọ̀.