Ignatius Kọ́ Ló Kọ́kọ́ Fojú Inú Wo Bẹ́tílẹ́hẹ́mù

Ẹni tó bá ń wádìí nípa àdúrà tí à ń fojú inú gbà kò ní pẹ́ gbọ́ orúkọ Ignatius ará Loyola. Wọ́n á ní ọta àgbá fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ lójú ogun Pamplona lọ́dún 1521, pé orí ibùsùn ló wà tó fi hùmọ̀ rẹ̀. Inú àwọn tí kò gba ti ìjọ Àgùdà máa ń dùn sí ìtàn yìí ju ti àwọn Àgùdà lọ: ó jẹ́ kí wọ́n lè ní àṣà àwọn Jésúìtì, ẹgbẹ́ tí Ignatius dá sílẹ̀, lásán ni.

Ẹnu àwọn onítàn náà gan-an la ó ti mú wọn. Ìwé ìtàn àwọn akọni jagunjagun ni aláìsàn yìí béèrè. Kò sí nínú ilé. Ìwé ayé àwọn ẹni mímọ́ àti ti ayé Kristi ni wọ́n rí fún un. Ludolph ará Saxony, mọ́ǹkì kan tó kú ní 1378, ló kọ ti Kristi, ó sì ń rọ òǹkàwé pé kó dúró ti Jésù bí ẹni tọ́rọ̀ ṣojú ẹ̀. Ignatius da ibi tó wù ú kọ sínú ìwé tirẹ̀: ọ̀rọ̀ Kristi ní yíǹkì pupa, ti Màríà ní aláwọ̀ aró. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí wọ́n tó bí Ludolph pàápàá, Aelred, olórí mọ́ǹkì ní Rievaulx nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kú ní 1167, ti kọ̀wé sí arábìnrin rẹ̀ pé kó bá Màríà wọ yàrá, kí wọ́n jọ máa retí áńgẹ́lì.

Ti Paula ló wù mí jù. Opó ọlọ́lá ará Róòmù ni. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 404, Jerome, àlùfáà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kọ ọ́ pé ìṣojú òun ni Paula ti búra nínú ihò àpáta Bẹ́tílẹ́hẹ́mù pé òun ń fojú ìgbàgbọ́ rí ọmọ tí wọ́n fọ̀já wé, tó ń ké ní ibùjẹ ẹran. Ẹ yẹ Lúùkù wò dáadáa: kò síbi tó ti ní ọmọ náà ké. Paula ló gbọ́ igbe yẹn.

Ẹnìkan lè fi Evagrius, mọ́ǹkì kan tó kú ní 399, ko wá lójú: ó kìlọ̀ fún àwọn mọ́ǹkì pé kí wọ́n má ya àwòrán Ọlọ́run sọ́kàn bí wọ́n bá ń gbàdúrà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ta ní ń kìlọ̀ ohun tẹ́nìkan ò ṣe? Ọ̀rọ̀ bí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ṣe rí ló sì ń sọ, kì í ṣe ti ọmọ inú ibùjẹ ẹran.

Kí wá ni ti Ignatius? Ó to àdúrà náà lẹ́sẹẹsẹ. Ó pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó yan afinimọ̀nà ti ẹni tó ń gbàdúrà, ó ní kó tún padà síbi tó bá ti gbún un lọ́kàn. Ó ní kó wo ọ̀nà Násárẹ́tì sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, bó gùn tó, bó tẹ́jú tàbí ó gba àárín òkè. Ó fi ìránṣẹ́bìnrin kan kún un tí Lúùkù kò dárúkọ, ó ní kí aládùúrà náà di ẹrú kékeré tó ń ṣèránṣẹ́ fún Màríà àti ọmọ náà níbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, kó wá pinnu ohun tó fẹ́ fayé ara rẹ̀ ṣe.