Web Service nínú Gbàgede Ìkẹ́kọ̀ọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Web service ni ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà kan fi ń rán ètò mìíràn níṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìjẹ́ pé ènìyàn ṣí ojú ìwé kankan. Nínú gbàgede ìkẹ́kọ̀ọ́ bíi Moodle, òun ni ó mú kí iṣẹ́ inú àfikún ètò, tí àwọn amọṣẹ́ ń pè ní plugin, di ohun tí fóònù akẹ́kọ̀ọ́ tàbí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ lè lò láti òkèèrè.

Ọjà Makola ní Accra, tí wọ́n kọ́ ní 1924, lè là á yé ni. Oníbàárà kì í wọ yàrá ìkẹ́rùsí aláṣọ lọ tú ẹrù. Iwájú ìsọ̀ ni ó ń dúró sí. Yóò sọ irú aṣọ àti iye ọ̀pá tí ó fẹ́, ọmọ iṣẹ́ yóò sì gbé e jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò tó ń béèrè kì í fọwọ́ kan àkójọ dátà: yóò dárúkọ iṣẹ́ tí ó fẹ́, yóò sì gba èsì.

Ní Makola yìí kan náà ni Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin Ghana wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958 kí àwọn ọmọ Ghana lè di agbẹjọ́rò láìrin ìrìn àjò lọ sí London. Bí ẹ̀kọ́ yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lè wá bá a ni ó jẹ Martin Dougiamas, olùdásílẹ̀ Moodle, lógún pẹ̀lú. Aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà ni ó dàgbà sí, orí rédíò ni ó sì ti gba ẹ̀kọ́ nígbà èwe rẹ̀.

Moodle 1.0 jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2002. Nítorí pé ẹnikẹ́ni lè yẹ kóòdù rẹ̀ wò kí ó sì tún un ṣe, ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ àfikún tiwọn. Ṣùgbọ́n inú Moodle nìkan ni púpọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ náà mọ. Ọ́fíìsì tó fẹ́ kí máàkì wọ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lè tún un tẹ̀ lọ́wọ́, tàbí kí ó jẹ́ kí ètò mìíràn wọ inú àkójọ dátà tààrà, èyí tó léwu.

Àyípadà dé pẹ̀lú Moodle 2.0 ní oṣù kọkànlá ọdún 2010. Láti ìgbà náà, ẹni tó kọ àfikún lè kéde iṣẹ́ rẹ̀ nínú fáìlì services.php. Ohun mẹ́ta ni yóò kọ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ohun tí iṣẹ́ náà ń gbà, bí ó ṣe ń ṣe é, àti irú èsì tí yóò dá padà. Alábòójútó gbàgede ni yóò yan èyí tí yóò ṣí síta, tí yóò sì fún ẹni tó yẹ ní àmì àṣẹ tí a ń pè ní token.

Orí ìlànà yìí ni ètò Moodle ti orí fóònù dúró lé. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn Kòrónà mú kí ìjọba ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ Ghana pa. Yunifásítì Ghana ní Legon ń lo Sakai, KNUST ní Kumasi ń lo Moodle. Àwọn méjèèjì ní web service. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí fóònù nìkan jẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ètò Moodle lè gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì wà, kí ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tó bá padà dé. Àfikún tí kò kéde iṣẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe irú èyí fún un.

Ilẹ̀kùn tí a ṣí nílò aṣọ́nà. Ẹni tó bá jí token lè ṣe ohun tí a yọ̀ǹda fún ẹni tó ni ín. Iṣẹ́ tí kò bá sì yẹ ẹ̀tọ́ olùbéèrè wò lè fi máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kan han ẹlòmíràn. Nítorí náà ni Moodle fi ní kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ yẹ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ wò, kí ó mọ kíláàsì tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ó sì wádìí bóyá olùbéèrè ní àṣẹ. Ní Ghana, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2012 tún gbé ojúṣe yìí lé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú dátà ènìyàn lọ́wọ́. Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní 2023.