Ẹnìkan Kì í Jẹ́ Àwádé: Anìkanrìn ní Àwọn Ìlú Àtijọ́ Ilẹ̀ Àwórì

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹnìkan kì í jẹ́ àwádé. Wọ́n tún ní àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹni tí ó bá gbọ́ òwe méjèèjì yìí lè rò pé kò sí ẹni tí í dá ìrìn-àjò rìn ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Alájàpá a máa dá rìn. Babaláwo a máa dá rìn. Ońṣẹ́ ọba tí ó gbé àrokò lọ́wọ́ a sì máa dá rìn. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wádìí ni èyí: kí ni ó ń dáàbò bo anìkanrìn nígbà náà, kí sì ni ó mú kí ààbò náà já ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún?

Ìgbẹsà jẹ́ ibi tí ó dára láti ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà. Ìlú Àwórì ni, Ọlọ́jà Ẹkùn sì ni orúkọ oyè ọba rẹ̀. Ọ̀tà wà ní apá ìlà-oòrùn rẹ̀, Adó-Odò wà ní ìwọ̀-oòrùn, ọ̀sà àti Àgbádárìgì sì wà ní ìsàlẹ̀. Ìtàn tí àwọn Àwórì ń sọ nípa orírun wọn pàápàá, ìtàn ìrìn-àjò ni. Wọ́n ní Ògúnfúnminíre jáde kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé àwo kan tí ó léfòó lórí omi odò Ògùn, títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹrì. Nígbà tí wọ́n béèrè àwo, èsì tí wọ́n gbọ́ ni pé àwo ti rì. Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Àwórì ti wá. Bí ènìyàn bá gba ìtàn yìí tàbí kò gbà á, ó fi hàn pé àwọn baba ńlá Àwórì ka ara wọn sí àlejò tí ilẹ̀ gbà.

Ìlú àtijọ́ ní ètò tí ó fi ń gba àlejò. Yàrà àti odi yí ìlú ká, bodè sì wà lára odi náà. Níbẹ̀ ni oníbodè ti ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ru ẹrù, tí ó sì ń béèrè ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ilé tí ó ń lọ. Ìbéèrè kejì yìí ni kókó. Àlejò tí ó bá dárúkọ onílé kan ti ní olùdáàbòbò: bí ó bá jẹ gbèsè tàbí tí ó dá ọ̀ràn, wọn yóò pe onílé rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì fìyà jẹ ẹ́, onílé náà ni ìyà náà kàn. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó dá wọ ìlú kì í ṣe ẹnìkan mọ́ nígbà tí ó bá dé inú agbo ilé.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni irú ètò bẹ́ẹ̀ wà. Ní ọdún 1352, ní àkókò tí iṣẹ́ idẹ Ilé-Ifẹ̀ ti gbilẹ̀, Ibn Battuta, ará Mòrókò, rin ìrìn-àjò dé ilẹ̀ Málì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti Walata dé olú-ìlú Málì, ènìyàn kò nílò ọ̀wọ́ èrò rẹpẹtẹ, nítorí pé ààbò wà lójú ọ̀nà. Afinimọ̀nà kan ni ó háyà, òun àti ẹlẹgbẹ́ mẹ́ta péré sì gbéra. Òfin ọba àti ìbẹ̀rù òfin náà ni ó ń ṣọ́ ọ̀nà.

Ìrìn-àjò Richard Lander fi hàn bí nǹkan ti yí padà. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ni ó jẹ́ fún Hugh Clapperton nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Nofẹ́ḿbà ọdún 1825. Ọ̀nà ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni wọ́n gbà, ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Àwórì. Kí ọdún náà tó parí, Pearce àti Morrison tí wọ́n jọ ń lọ ti kú lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, àwọn yòókù kọjá ní Ìjànná, wọ́n sì dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù Jánúárì ọdún 1826. Apá Aláàfin ṣì ká ọ̀nà náà. Àwọn olórí ìlú ni ó ń fún wọn ní ilé àti aláàárù. Clapperton kú lẹ́bàá Sókótó ní ọjọ́ 13 oṣù Épírì ọdún 1827, ó sì ku Lander nìkan nínú àwọn òyìnbó náà, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún.

Wọ́n dá Lander padà lójú ọ̀nà kan ní ilẹ̀ Haúsá, ṣùgbọ́n òun àti Pasko, aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ ògbufọ̀ àti alábàárìn rẹ̀, rìn láti ìlú dé ìlú títí wọ́n fi padà dé Àgbádárìgì ní oṣù Nofẹ́ḿbà. Etí òkun ni ikú ti fẹ́ pa á. Àwọn olówò ẹrú ará Potogí fẹ̀sùn kàn án pé amí ni. Wọ́n mú un lọ síwájú àwọn ìjòyè, wọ́n sì fún un ní omi oró èèpo igi mu, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi. Ó mu ún, ó sáré lọ sí ilé, ó bì í jáde, ó sì yè. Ibi tí òwò ẹrú ti gbilẹ̀ jù ni àlejò ti wà nínú ewu jù, nítorí pé níbẹ̀, ọjà títà tàbí ọ̀tá ni wọ́n ń ka àlejò sí.

Láìpẹ́, ewu náà dé ilẹ̀ Àwórì. Ogun tú Ìjànná; Ọ̀yọ́-Ilé pàápàá di ahoro. Àwọn Ẹ̀gbá, tí ogun lé dé Abẹ́òkúta, ń wá ọ̀nà dé etí òkun kí wọ́n lè ra ìbọn àti ẹ̀tù. Wọ́n ṣẹ́gun Ọ̀tà ní ọdún 1842, lẹ́yìn náà ni wọ́n dó ti Adó-Odò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Báyìí ni ogun wà ní ọ̀tún àti òsì Ìgbẹsà. Nígbà tí Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther dé Àgbádárìgì ní oṣù Jánúárì ọdún 1845, ọ̀nà Abẹ́òkúta ti dí. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró kí wọ́n tó lè lọ. Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 1846 ni Crowther tó rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí àwọn akónilẹ́rú ti yà wọ́n. Ohun tí ọ̀nà dídí ń náni nìyẹn.

Lónìí, ọkọ̀ ajẹ́rù àti ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó gba ojú ọ̀nà láti Sángo-Ọ̀tà dé Àgbárá. Ní Ìgbẹsà, Yunifásítì Crawford wà níbẹ̀ láti ọdún 2005, agbègbè òwò ọ̀fẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà lọ́wọ́ sí náà sì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ti di owó, katakata sì lè pa ojúbọ, yàrà àti ọ̀nà ẹsẹ̀ rẹ́ láàrin ọjọ́ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú ìwé àti kálàmù, tí ó dá rìn láti Ìgbẹsà dé Adó-Odò tàbí Ọ̀tà, yóò ṣì rí àgbà tí yóò fi ibi tí bodè wà hàn án. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ béèrè nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè.

Ìbéèrè tí ó kù fún ìjíròrò ni pé: ní ìlú tí ó kún fún àlejò tí iṣẹ́ gbé wá, tí kò sì sí oníbodè tí yóò béèrè ilé tí wọ́n ń lọ, ta ni yóò jẹ́ onílé fún wọn?